Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí òṣìṣẹ́ mọ́tò má gba yúníọ̀n, èwo ló tẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀?

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń tò mọ́tò ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti àwọn ará ilé wọn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn òṣìṣẹ́ Volkswagen ní Chattanooga, Tennessee, dìbò: 2,628 ní àwọn fẹ́ UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, 985 ní àwọn kò fẹ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn ti Mercedes nítòsí Tuscaloosa, Alabama, dìbò tiwọn: 2,642 kọ̀ ọ́, 2,045 gbà á. Ká ní 299 péré nínú àwọn tó kọ̀ ọ́ yí ọkàn padà ni, ibòmíràn ni ìbò náà ì bá forí lé.

Gbogbo lẹ́tà náà ló ń béèrè ohun kan: àwọn tó ní ká má gba yúníọ̀n, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bani? A gbé ọ̀rọ̀ wọn lé ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wúwo gidi, àwọn kan fúyẹ́ bí ìyàngbò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilẹ̀kùn mọ́tò ni mo ń dè mọ́ ara ọkọ̀ níbi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá ṣíìfù wa ní bí yúníọ̀n bá wọlé, tipátipá ni wọn yóò máa gbowó lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ní irọ́ ni. Èló gan-an ni owó ọ̀hún, ṣé dandan sì ni? *(Òǹkàwé kan, Tuscaloosa)*

Ìdáhùn: Ti dandan yẹn, irọ́ ni ní Alabama. Òfin tí wọ́n ń pè ní right-to-work ti wà níbẹ̀ láti 1953, wọ́n sì gbé e wọ inú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ní 2016. Ohun tó sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ kò san owó ẹgbẹ́. Tennessee ti ní irú rẹ̀ láti 1947. Michigan ló yàtọ̀: wọ́n fagi lé tiwọn ní 2023. Ẹ má sì fi ti Nàìjíríà wé e, níbi tí wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó òṣìṣẹ́ kékeré àfi bó bá kọ̀wé pé òun kò ṣe. Ní Alabama, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀.

Ti iye rẹ̀, ọ̀gá yín rí nǹkan sọ. Owó iṣẹ́ wákàtí méjì àbọ̀ lóṣù ni UAW ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbowó wákàtí. Bí owó wákàtí yín bá jẹ́ dọ́là 34, dọ́là 85 ni lóṣù, 1,020 lọ́dún. Owó tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ sílé ni, kì í ṣe nǹkan tí à ń fojú fò dá. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: oṣù kan ní nǹkan bíi wákàtí iṣẹ́ 173, nítorí náà dọ́là 85 yẹn jẹ́ sẹ́ǹtì 49 lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá mú wá kò bá lé ní ààbọ̀ dọ́là lórí wákàtí kan ju ohun tí ilé-iṣẹ́ ì bá fún yín láìsí ẹgbẹ́, ẹ ti fi owó ṣòfò. Wọn kì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á títí ẹ ó fi dìbò gba àdéhùn àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀gá yín kò sọ, tó wúwo ju ti owó lọ. Bí yúníọ̀n bá ti wọlé, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ owó àti wákàtí iṣẹ́ fún gbogbo yín, àtẹni tó san àtẹni tí kò san. Ẹ kò tún lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ dúnàádúrà owó tara yín. Ẹni tó bá ti máa ń fẹnu ara rẹ̀ gba nǹkan fún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ro ìyẹn dáadáa.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ mọ́tò. Ilé tí à ń gbé, díẹ̀díẹ̀ là ń san owó rẹ̀ fún báńkì. Ẹ̀rù ìyanṣẹ́lódì ló ń bà mí. Bí wọ́n bá da iṣẹ́ sílẹ̀, kí la ó máa jẹ? *(Ìyá ọlọ́mọ méjì, Birmingham, Alabama)*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ìbéèrè yín ló yẹ kí gbogbo ilé jókòó tì kí ọkọ tàbí aya tó lọ dìbò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn alátakò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Dọ́là 500 lọ́sẹ̀ ni UAW ń san fún ẹni tó wà lórí ìyanṣẹ́lódì, láti 2023. Ẹ fi dọ́là 34 ṣe ìwọ̀n: wákàtí 40 mú 1,360 wá lọ́sẹ̀ ká tó yọ owó orí. Ẹ yọ 500 kúrò níbẹ̀, 860 ni ihò tó kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 5,160 nìyẹn. Bí èrè ìyanṣẹ́lódì náà bá jẹ́ dọ́là kan lé lórí wákàtí, nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ ni yóò gba ọkọ yín kó tó dí ihò náà. Bó bá jẹ́ dọ́là mẹ́ta, oṣù mẹ́wàá tó. Nítorí náà, "ṣé wọn yóò yanṣẹ́ lódì?" nìkan kò tó béèrè. Ẹ tún béèrè pé "kí ni wọn yóò torí rẹ̀ yan án?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a fi ṣírò kì í ṣe àfẹnujẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni UAW bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì sí Ford, General Motors àti Stellantis, ó sì parí ní ìparí oṣù Kẹwàá. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè jáde. Mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ti Ford, ọ̀kan ti General Motors, ọ̀kan ti Stellantis, wọ́n sì ń fi òmíràn kún un. Owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n rí gbà jẹ́ àfikún ìdá 25 nínú 100 títí di oṣù Kẹrin 2028. Ẹni tó bá ní ìyanṣẹ́lódì kì í pé kò jẹ́ ka ìwé yẹn. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, tí àpò ìyanṣẹ́lódì rẹ̀ sì kún. Ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ẹgbẹ́ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Ewu kejì wà tí àwọn tó ń pín káàdì, ìyẹn ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí pé òun fẹ́ yúníọ̀n, kì í sábà sọ. Láti 1938 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé bí òṣìṣẹ́ bá yanṣẹ́ lódì nítorí owó, agbanisíṣẹ́ lè gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀ pátápátá. Wọn kò lè lé ọkọ yín o. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti jókòó sí àyè rẹ̀, inú ìwé àwọn tí wọn yóò pè padà ni yóò wà, títí àyè fi máa ṣófo. Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló rú òfin ni wọ́n ṣe yanṣẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀; wọ́n gbọ́dọ̀ dá àyè rẹ̀ padà fún un.

Èyí tó lè fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀: kò sẹ́ni tó ń jí dé tó ń pàṣẹ ìyanṣẹ́lódì. Òfin UAW ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò fọwọ́ sí i kó tó wáyé, ìbò ìkọ̀kọ̀ sì ni. Bí ẹ bá rò pé ìbò yóò yọrí síbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyàtọ̀ 860 yẹn sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bí a bá ní yúníọ̀n, ilé-iṣẹ́ yóò kó lọ sí Mexico. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? *(Òǹkàwé kan, Chattanooga)*

Ìdáhùn: Ìyàngbò nìyí. Ẹ wo Chattanooga tí ẹ wà. Nígbà ìbò 2014, sẹ́nétọ̀ Bob Corker sọ ní gbangba pé ohun tí òun gbọ́ ni pé bí òṣìṣẹ́ bá kọ UAW, Volkswagen yóò gbé jíìpù tuntun wá sí Chattanooga. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní 712 sí 626, jíìpù náà sì dé. Ní 2024 wọ́n wá gba ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ kò sì kó lọ síbì kankan.

Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ ti kú rí, ká má purọ́. Volkswagen ní Westmoreland, Pennsylvania, ní ẹgbẹ́, ó ṣí ní 1978, ó tì pa ní 1988. Lordstown ti General Motors ní Ohio dáwọ́ dúró ní 2019, ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tó pa wọ́n ni pé mọ́tò wọn kò tà mọ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá ilé-iṣẹ́ yín yóò pẹ́, ẹ béèrè mọ́tò tí wọn yóò máa tò níbẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ẹ ń tò lónìí. Ẹgbẹ́ kò lè mú kí mọ́tò tà.

Òfin kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ fi títì halẹ̀ mọ́ yín. Ó lè sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, bó bá ní ìṣirò tó lè fi hàn, tí kò sì jẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ láti ṣe. Bí ọ̀gá bá ní "bí ẹ bá gbà wọ́n, a ó tì í pa," ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ibi àti àwọn tó gbọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oṣù mẹ́fà péré lẹ ní láti gbé e lọ síwájú NLRB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà níbi iṣẹ́ mi, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń jó irin pọ̀ ni mo ń tún ṣe. Mo mọṣẹ́ ju àwọn kan tó ti lo ogún ọdún lọ. Mo gbọ́ pé yúníọ̀n kì í wo ìmọ̀, ọjọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti fowó kún owó wa láìsí yúníọ̀n kankan. Kí la tún fẹ́ ẹ fún? *(Ọ̀dọ́kùnrin kan, Montgomery, Alabama)*

Ìdáhùn: Kò sí nínú òfin, àmọ́ ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdéhùn UAW: ọjọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ ló ń pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ mú ṣíìfù ọ̀sán, ẹni tó lè sún lọ sí iṣẹ́ tó rọjú, àti ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ dá dúró bí ọjà bá dẹ̀. Fún ẹni ọdún mẹ́rin tó mọṣẹ́, àdánù gidi ni, a kò ní tàn yín. Fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń fojú ẹbí àti ọ̀rẹ́ pín iṣẹ́, ààbò ni ohun kan náà. Ṣùgbọ́n inú àdéhùn ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ẹ sì lè bá wọn kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ NUMMI ní Fremont, California, tí Toyota àti General Motors jọ ń ṣe láti 1984 sí 2010, ọmọ UAW ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀, síbẹ̀ ìpele iṣẹ́ wọn kò pọ̀, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹ lọ bá àwọn tó ń kó káàdì jọ, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò béèrè fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nípa ìdánwò iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti owó tí wọ́n fi kún un, ẹ wo ọjọ́ tó dé. Toyota, Honda àti Hyundai fowó kún owó òṣìṣẹ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìyanṣẹ́lódì 2023 parí. Ẹni tó ní "a rí i gbà láìsan owó ẹgbẹ́" kò purọ́. Àwọn mìíràn ló sanwó rẹ̀. Àmọ́ mímọ ìyẹn kò sọ ọ́ di dandan fún yín láti dìbò fún wọn.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé àwọn aṣáájú UAW kówó jẹ? *(Òǹkàwé mẹ́ta ló béèrè èyí)*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ààrẹ méjì tó tẹ̀ léra, Dennis Williams àti Gary Jones, jẹ́bi níwájú ilé ẹjọ́, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n: oṣù 21 fún ti àkọ́kọ́, oṣù 28 fún èkejì, ní 2021. Owó àwọn tó ń dè ilẹ̀kùn mọ́tò ni wọ́n fi ń gbádùn. Láti ìgbà náà ni ilé ẹjọ́ ti yan alábòójútó lé ẹgbẹ́ náà lórí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń fi ìbò ara wọn yan ààrẹ.

Ìbéèrè: Bí a bá gbà wọ́n tí a sì kábàámọ̀, ṣé a lè lé wọn? *(Òǹkàwé kan, Chattanooga)*

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó le ju wíwọlé lọ, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí NLRB bá ti fọwọ́ sí ìbò, ẹ kò lè béèrè ìbò mìíràn. Bí àdéhùn bá wà nílẹ̀, ó ń dí ọ̀nà títí dé ọdún mẹ́ta. Àlàfo tí ẹ ní ni láti 90 ọjọ́ títí di 60 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí. Láàárín oṣù kan yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìwé tí ìdá 30 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ sí lọ síwájú NLRB, kó tó ṣètò ìbò. Òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni kó ṣe é, lásìkò ìsinmi wọn. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ kan ìwé náà, ó bàjẹ́. Kí ẹ rí i pé ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo orúkọ tó fọwọ́ sí i, nítorí orúkọ tí kò ní ọjọ́, NLRB kò ní kà á.