Ṣé Freud ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ́ èdè Jámánì. Ṣé Freud, dókítà tó ń ṣèwádìí ọkàn ẹ̀dá, ló mú ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá wọ inú ìwé ìtàn àròsọ àwọn tó ń kọ èdè náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọdún 1856 ni wọ́n bí Freud; láti 1785 ni òǹkọ̀wé Jámánì, Karl Philipp Moritz, ti ń gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Anton Reiser, jáde, tó sì pè é ní ìtàn ọkàn. Ẹ má fi Freud túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ka ìtàn àròsọ Leutnant Gustl (1900), ti òǹkọ̀wé Schnitzler ará Vienna. Kò sí asọ̀tàn níbẹ̀ rárá, èrò inú ọ̀dọ́ ọ̀gá sójà kan tí oníbúrẹ́dì kan dójú tì là ń gbọ́. Ẹ fàlà sábẹ́ ibi tí èrò náà bá ti já lójijì: ohun tó ń sá fún ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni!