Èsì: Ọ̀rọ̀ agbọ́n inú fíìmù Kinsey

Ẹ bi mí, ẹ̀gbọ́n, bóyá òótọ́ ni pé Kinsey ṣa agbọ́n jọ bí fíìmù ṣe fi hàn, àti bóyá ẹ lè fi fíìmù náà kọ iṣẹ́ iléèwé. Òótọ́ ni. Agbọ́n tí ẹ rí nínú Kinsey, fíìmù 2004 lórí ayé Alfred Kinsey tó ṣèwádìí ìbálòpọ̀ ènìyàn, kì í ṣe àsọdùn. Onímọ̀ nípa ẹranko ni Alfred Kinsey ní Yunifásítì Indiana, kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣa agbọ́n tíntìntín jọ kó tó kan ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Bó ṣe ṣa kòkòrò náà ló ṣe ṣa ìtàn ìbálòpọ̀ àwọn ènìyàn: ó bi wọ́n léèrè lójúkojú, ó sì fi àmì àṣírí kọ ìdáhùn wọn.

Ní ti iṣẹ́ iléèwé tí ẹ fẹ́ fi fíìmù náà kọ: bó bá jẹ́ ìtàn ayé ọkùnrin náà lásán ni, ẹ lò ó. Bó bá kan iye àti ìdá, ẹ lọ sínú ìwé Kinsey méjèèjì lórí ìbálòpọ̀, ti ọkùnrin (1948) àti ti obìnrin (1953). Ẹ sì fi kún un pé àwọn onímọ̀ ìṣirò bá a wí lórí bó ṣe yan àwọn tó bi léèrè; àwọn ẹlẹ́wọ̀n pọ̀ nínú wọn. Fíìmù ò tẹnu mọ́ ìyẹn tó, lójú tèmi.

Liam Neeson tó ṣe Kinsey gbìyànjú o, àmọ́ Laura Linney tó ṣe ìyàwó Kinsey ló gba eré náà mọ́ ọn lọ́wọ́.