Kí ló dé tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù mi ní Yaba, tí wọn ò yọ ti bàbá mi tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Marina?

Òfin ló yí padà, ẹ̀gbọ́n. Láyé bàbá yín, àpò ìjọba ni owó ìfẹ̀yìntì ti ń wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í dá kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, gbèsè rẹ̀ wọ ìjọba lọ́rùn, àwọn àgbàlagbà wá ń tò sínú oòrùn nítorí owó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún. Ìyẹn ló bí òfin 2004: òṣìṣẹ́ dá 7.5%, agbanisíṣẹ́ náà dá 7.5%, sínú àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin 2014 sọ ọ́ di 8% àti 10%.

Bó bá jẹ́ ₦100,000 ni àpapọ̀ owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ yín, ₦8,000 ni wọn ó yọ, ọ̀gá yín á fi ₦10,000 tiẹ̀ kún un. Ẹ máa yẹ àkáǹtì yẹn wò o! Àwọn ọ̀gá kan ń yọ ọ́, wọn kì í fi ránṣẹ́.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ kí ẹ tó pé ọmọ ọdún 50, tí oṣù mẹ́rin kọjá láìrí òmíràn, ẹ lè gba tó 25% níbẹ̀.