Ẹ Rán Aṣọ Ọmọ fún Itan Tí Yóò Jókòó Sí

Nínú ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ fẹ́ mọ irú aṣọ tí ó yẹ kí ẹ rán fún àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, nítorí fọ́tò tí wọn yóò bá bàbá àgbà àti ìyá àgbà yà ní Èbúté Mẹ́ta ní oṣù Kejìlá. Ẹ sì sọ pé ìyá ọkọ yín ti ra léèsì kan náà fún gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tó gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ mọ itan ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí. Ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2016, nígbà tí bàbá ọkọ mi pé ọmọ ọdún 75, léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà ni gbogbo wa wọ̀. Mo ní kí wọ́n rán agbádá kékeré fún ọmọkùnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kí wọ́n rán ìró àti bùbá fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, mo sì wé gèlè pẹ́ńpẹ́ lé e lórí. Láti Kétu ni mo ti wọ aṣọ náà sí wọn lára, nítorí mo rò pé kò ní sí àyè mọ́ tí a bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lórí Afárá Third Mainland, afárá tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11 tí kò sì rọrùn láti yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ènìyàn bọ́ aṣọ ọmọ. Nígbà tí a dé, ọrùn ọmọbìnrin mi ti pọ́n yòò ní ibi tí etí bùbá ti ń ha á, gbogbo òógùn sì ti mú kí gèlè lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Bí wọ́n ṣe gbé e lé Bàbá lẹ́sẹ̀ ni ó figbe ta, ó yí ojú mọ́ wọn láyà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá rẹ̀ àti ti Bàbá dà pọ̀ mọ́ ara wọn débi pé orí rẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè rí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Bàbá papòdà. Fọ́tò yẹn nìkan ni a ní tí àwọn àti ọmọ mi méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ti gbọ́njú báyìí, ó sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú òun kò hàn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi léèsì nìkan bo ọmọ lára. Òwú tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lójú dára ní wíwò, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ ra inú rẹ̀ wò, ẹ óò rí i bí ó ṣe ń ta ni lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ó ń kan awọ ọmọ. Ẹ má sì kọ̀ ọ́ fún ìyá ọkọ yín o, nítorí inú dídùn ni wọ́n fi rà á. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni pé mo ra aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá léèsì mu, òun ni télọ̀ fi rán gbogbo ara bùbá, ó wá gé léèsì sí ẹnu ọwọ́, sí àpò àti sí ìsàlẹ̀ nìkan. Fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, kí léèsì má ṣe dé ọrùn rẹ̀ rárá. Ẹ béèrè bóyá òkúta wẹ́wẹ́ wà lára èyí tí ìyá àgbà yóò wọ̀. Bí ó bá wà, kí wọ́n ta ìpèlé tàbí ìborùn tí ó rọ̀ sórí itan kí wọ́n tó gbé ọmọ. Mo ti rí ọmọ tí ojú òkúta hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ọmọ tí yóò jókòó sí itan kò gbọdọ̀ wọ àwọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹni tí ó gbé e. Bí bàbá àgbà bá wọ èyí tí ó dúdú, kí ti ọmọ mọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú irú àwọ̀ kan náà. Ẹ gé èkìrí léèsì náà dání lọ sí ọjà Balógun, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi iná ìsọ̀ tan yín. Ẹ gbé méjèèjì jáde sí ìta kí ẹ wò wọ́n nínú oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lè wọ léèsì náà gan-an, bí wọ́n bá ti fi aṣọ òwú tẹ́ inú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ ni ẹ fẹ́ lò dípò aṣọ òwú fẹ́lẹ́ yẹn, ó dára púpọ̀, nítorí ara ń mí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Ní ọdún 2019, àdìrẹ tuntun tí mo rà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ni ọmọkùnrin mi wọ̀ lọ síbi ọjọ́ ìbí ìyá mi ní Ṣómólú. Òógùn mú un, ó sì jókòó sí itan wọn lórí léèsì funfun. Nígbà tí ó dìde, aró ti ya ìdí rẹ̀ sí ara ìró ìyá mi. Màmá ní kò sí ohun tí ó ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ iye ọdún tí wọ́n ti ń tọ́jú aṣọ yẹn.

Ẹ fi gèlè sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ṣùkú tí wọ́n dì ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tí kò le mọ́ orí mọ́, dára ju gèlè lọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ojú rẹ̀ yóò sì hàn dáadáa. Fìlà ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ bá orí rẹ̀ mu, nítorí èyí tí ó tóbi yóò já bọ́ sí ojú, òjìji rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn sí i níwájú. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kò yẹ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ẹnu ni yóò kì í bọ̀. Ti bàtà kò le: ọmọ tí ó wà lórí itan ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ han kámẹ́rà, nítorí náà ẹ nu ìsàlẹ̀ bàtà, kí ẹ sì ṣí bébà iye owó kúrò níbẹ̀, tàbí kí ẹ bọ́ ọ pátápátá.

Ẹ sọ fún télọ̀ pé rọ́bà ni kí ó fi sí ìbàdí, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìlédìí, kí ó sì ká aṣọ díẹ̀ sínú ojú rírán, nítorí ọmọ tí ẹ wọ̀n ní oṣù Kẹwàá yóò ti yọ síta díẹ̀ kí oṣù Kejìlá tó dé. Èmi máa ń dá ọjọ́ fún àwọn télọ̀, tí yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí mo nílò aṣọ, mo sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ jókòó jẹun nílé fún ìdajì wákàtí. Ibi tí wọ́n bá ti ń họ ara ni a óò tún ṣe.

Ní ọjọ́ náà, aṣọ ilé ni kí wọ́n wọ̀ dé Èbúté Mẹ́ta. Kí wọ́n jẹun, kí èyí tí ó kéré jù sùn, kí ẹ wá pààrọ̀ aṣọ wọn nígbà tí àwọn àgbà bá ti jókòó tán. Ẹ bẹ ayàwòrán pé fọ́tò àwọn òbí àgbà àti ọmọdé ni kí ó kọ́kọ́ yà, kí àlejò tó dé, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn ní ọdún 2022 pẹ̀lú ìyá mi. Àbíkẹ́yìn mi wọ bùbá òwú, kò wọ bàtà, ìyá mi sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Èyí ni ó wà lára ògiri ní pálọ̀ wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá.