Báwo ni ìjọba ìbílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ṣe ń sanwó kí ilẹ̀ oko má baà di ilé?

Ìjọba kì í ra ilẹ̀ náà. Ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sórí rẹ̀ nìkan ló ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ká ní àwọn akọ́lé-tà lè san $500,000 lórí ilẹ̀ kan, tí àgbẹ̀ mìíràn ò sì lè san ju $200,000 lọ, ìyàtọ̀ $300,000 yẹn ni ìjọba máa san. Àgbẹ̀ ṣì ni onílẹ̀: ó lè dáko, ó lè tà á, ó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà ń tẹ̀lé ilẹ̀ títí láé. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ọ̀la kò lè sọ ọ́ di ẹ́síteètì.

Suffolk County ní New York ló ṣíwájú, pẹ̀lú òfin 1974. Ní 1979, àwọn olùdìbò King County ní ìpínlẹ̀ Washington gbà kí ìjọba yá $50 mílíọ̀nù fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó wù mí jù ni ti ìlú márùn-ún ní ìlà oòrùn Suffolk: ní 1998 wọ́n dìbò fún owó-orí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí títa ilé àti ilẹ̀, láti fi dáàbò bo oko àti ilẹ̀ gbalasa. Ọjà ilé tó ń lé àgbẹ̀ kúrò gan-an ló wá ń sanwó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ náà lè dá tó ìdajì iye ẹ̀tọ́ náà. Síbẹ̀ owó kì í kárí, torí náà oko tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, tó sì wà nítòsí àwọn tí wọ́n ti dáàbò bò, ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i gbà.