Sítáǹpù 1847 tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1875

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí sítáǹpù Amẹ́ríkà ti 1847, oní sẹ́ǹtì márùn-ún, nínú ìwé ọjà gbàǹjo kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àtúntẹ̀ 1875 ni, kò sì ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ṣé ayédèrú ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ìjọba Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ nítorí ìpàtẹ ńlá Philadelphia ti 1876, ẹyọ 4,779 péré ni wọ́n sì tà. Àmọ́ àwo irin ìtẹ̀wé tuntun ni wọ́n fín, ìyẹn ló jẹ́ ká lè dá a mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo aṣọ Benjamin Franklin, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára sítáǹpù náà. Lára ti 1847, wàjàwàjà funfun àyà ẹ̀wù rẹ̀ lápá òsì kan etí àwòrán náà ní ọ̀gangan orí lẹ́tà F inú “FIVE”. Lára àtúntẹ̀, ọ̀gangan orí òǹkà 5 ló ti kàn án. (Àtúntẹ̀ ti sẹ́ǹtì mẹ́wàá tiẹ̀ rọrùn jù láti dá mọ̀: ojú George Washington tó wà lára rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.)

Àìní gọ́ọ̀mù kì í ṣe àbùkù, bí wọ́n ṣe tà á nìyẹn. Èyí tó bá ní in gan-an ni kó kọ yín lóminú, ẹnì kan ló fi í sí i lẹ́yìn náà. Sítáǹpù yìí kò ní ihò wẹ́wẹ́ létí tí wọ́n lè fi ya á, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé e. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti wọnú àwòrán, owó rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó dá owó, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí, irú èyí tí Philatelic Foundation, àjọ tó ń yẹ sítáǹpù wò ní Amẹ́ríkà, máa ń fúnni.