Ọmọ mi kò wo nǹkan mìíràn mọ́ ju fíìmù Gothic lọ

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 15. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ sinimá nílé ìwé wọn níbí, tíṣà wọn sì ní kó kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní Gothic. Láti ìgbà náà, ilé àtijọ́ tó ṣókùnkùn, àbẹ́là àti òkú tó ń dìde nínú pósí ló kù tó ń wò. Lálẹ́ àná mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà nínú òkùnkùn, mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ bú sẹ́kún pé iṣẹ́ ilé ìwé lòun ń ṣe. Ẹ̀rù ń ba èmi ìyá rẹ̀ kí nǹkan burúkú má lọ wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kí ni Gothic yìí gan-an? Ṣé kí n kà á léèwọ̀ fún un?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rù yìí ba èmi náà nígbà tí ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ẹ má kà á léèwọ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wò ó.

Gothic kì í ṣe ẹgbẹ́ awo. Inú ìwé ìtàn ló ti wá. Ní 1764, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Horace Walpole, kọ ìtàn ilé olódi kan tí baba ńlá ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ pa onílé kó tó gbà á. Nígbà tó tún ìwé náà tẹ̀, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìtàn Gothic ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mary Shelley kọ Frankenstein ní 1818, tí Bram Stoker kọ Dracula ní 1897, kí sinimá tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ mi ló là mí lójú pé ilé ni kí n máa wò. Nínú fíìmù adẹ́rùbani lásán, ẹni tó ń lé èèyàn kiri lẹ̀rù wà lára rẹ̀. Nínú Gothic, ilé ló mọ àṣírí. Ẹnìkan ti ṣe ohun tí kò dáa níbẹ̀ rí, wọ́n bò ó, kò bò. Ẹ wo Rebecca tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1940. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ìyàwó tuntun. Orúkọ ìyàwó tó ti kú ni gbogbo ilé ń pè, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ náà ló sì wà lára aṣọ inú yàrá. Mo wò ó, àánú ọmọbìnrin yẹn ṣe mí ju pé ẹ̀rù bà mí lọ.

Lẹ́yìn ilé, òjìji ló kàn. Nosferatu, tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922, ni mo fi mọ̀ ọ́n. Òkú amùjẹ̀ náà ń gòkè bọ̀ wá bá obìnrin kan, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ nìkan la rí lára ògiri àtẹ̀gùn: ẹ̀yìn tó tẹ̀, ìka gígùn bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Nígbà tó dé yàrá, òjìji ọwọ́ náà rìn gba orí aṣọ funfun obìnrin náà, ó dé ibi ọkàn rẹ̀, ó pa ọwọ́ dé, obìnrin náà sì gbọ̀n rìrì. Ọmọ mi dá fíìmù dúró. Ó ní, “Dádì, ẹ wò ó, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án.” Mo dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti ògiri ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tó dẹ́rù bà mí yẹn. Ní ọdún méjì ṣáájú, nínú fíìmù Dókítà Caligari, ọ̀dà ni wọ́n fi kun òjìji mìíràn sára ògiri. Karl Freund, tó ti pẹ́ nídìí kámẹ́rà ní Jámánì, ló sì ya Dracula ní Amẹ́ríkà ní 1931. Tí ọmọ yín bá fi ìrìn àjò òjìji yìí sínú àròkọ rẹ̀, inú tíṣà á dùn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ọmọ ọdún 15 o. Láti 1957 tí ilé iṣẹ́ Hammer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé Frankenstein jáde ní aláwọ̀ mèremère, ẹ̀jẹ̀ pupa ti wọ̀ ọ́. Crimson Peak ti 2015, tí amọ̀ pupa ti ń sun jáde láàárín yìnyín, rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ipá inú rẹ̀ le. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná.

Ẹ dá kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún ti àná. Rebecca ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí obìnrin aláṣọ dúdú tó ń bójú tó ilé náà bá yọ, kí ẹ̀yin méjèèjì máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí i kó máa rìn: ìyàwó tuntun á kàn yíjú, á sì bá a pé ó ti dúró síbẹ̀.